Ẹbí Gẹ́gẹ́ bí Onígbọ̀wọ́: Ìtàn Pípe Ará Ilé sí Iṣẹ́ ní Ìdálẹ̀, láti Kùmásì dé Lọ́ńdọ̀nù



Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn títí kí onílé má relé. Ẹni tí ó ti wà ní ìdálẹ̀ ni a ń pa òwe yìí fún. A kì í sábà bèèrè ẹni tí ó mú un débẹ̀. Bí àwọn òpìtàn bá ń kọ̀wé lórí ìrìn àjò àwọn ènìyàn wa, ohun tí wọ́n máa ń tọ́ka sí ni ogun, owó orí, ilẹ̀ tí ó ti ṣá, ọ̀nà rélùwéè àti iye tí ọjà ń pa. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ẹni tí ó rin ìrìn àjò náà léèrè, ìdáhùn rẹ̀ máa ń kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò ní, 'Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó pè mí,' tàbí, 'Àbúrò ìyá mi ni ó wálé ọdún, tí ó sì mú mi dání nígbà tí ó ń padà.' Ìdáhùn kúkúrú yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ohun mẹ́ta ni ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá pe ará ilé rẹ̀ sí iṣẹ́ ní ìdálẹ̀: àṣẹ láti pè é, ẹrù rẹ̀ láti gbé, àti ọjọ́ tí yóò dá a sílẹ̀. Ní ìgbà tí àwọn baba wa ń lọ sí Góòlù Kóòsì, èyí tí a ń pè ní Gánà láti 1957, ọwọ́ ẹbí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Lóde òní, àṣẹ ti kúrò lọ́wọ́ ẹbí, ó ti di ti ìjọba àti ti agbanisíṣẹ́. Ẹrù kò kúrò níbi tí ó wà. Ọjọ́ ìdásílẹ̀ ni kò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ ìjà tí ó ń tú ẹbí ká lónìí nítorí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò, ibẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ náà, Onígbọ̀wọ́

Lóde òní, a ń lo 'onígbọ̀wọ́' fún ilé iṣẹ́ tí ó sanwó fún eré bọ́ọ̀lù, fún ẹni tí ó gbé ètò kalẹ̀ lórí rédíò, àti fún ẹni tí ó kọ̀wé sí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè pé òun yóò gba àlejò sílé. Ìtumọ̀ rẹ̀ àtijọ́ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí inú ọ̀rọ̀ gbèsè ni ó ti wá. Bí ẹnìkan bá fẹ́ yá owó, tí olówó kò sì mọ̀ ọ́n tó láti fọkàn tán an, yóò mú ẹlòmíràn wá tí yóò dúró fún un. Bí ajigbèsè bá sá lọ, ọ̀dọ̀ onígbọ̀wọ́ ni olówó yóò gbà lọ. Ẹni tí ó bá gbọ̀wọ́ fún ènìyàn ti fi orúkọ ara rẹ̀ dógò.

Ètò gbèsè yìí kan náà ni ó bí ìwọ̀fà. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, kọ̀wé nípa rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó, èlé ni. Kò dín ojú owó kù rárá. Ìbáà sìn fún ogún ọdún, iye tí a yá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ni a gbọ́dọ̀ kó sílẹ̀ kí ó tó gba ara rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀fà ni ètò mìíràn wà, èyí ni ìkọ́ṣẹ́. Ọmọ tí a fi sí ẹnu iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tàbí gbẹ́nàgbẹ́nà ń sin ọ̀gá rẹ̀ bí ìwọ̀fà ti ń sin olówó, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀gá yóò súre fún òun, tí òun yóò sì dá dúró.

Mo fa ìyàtọ̀ yìí jáde nítorí pé àárín ìwọ̀fà àti ìkọ́ṣẹ́ ni ọmọ tí ẹbí pè sí ìdálẹ̀ wà. Ó ń ṣiṣẹ́ láìgba owó oṣù, a sì ń bọ́ ọ. Bí ẹni tí ó pè é bá jẹ́ olóòótọ́, ìkọ́ṣẹ́ ni. Bí kò bá jẹ́ olóòótọ́, ìwọ̀fà ni, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ yá owó kankan. Ìjà tí ó máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, orí ìbéèrè kan náà ni ó máa ń dá lé: èwo nínú méjèèjì ni a jọ ń ṣe?

Ọ̀nà Obì àti Ọ̀nà Rélùwéè

Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà láàárín ilẹ̀ Yorùbá àti ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Àwọn oníṣòwò obì ti ń rìn ín kí wọ́n tó dé. Obì tí a ń pè ní gbànja jẹ́rìí sí i, nítorí pé láti ara orúkọ ilẹ̀ Gonja ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ èdè wa. Ilẹ̀ Gonja yìí ni ìlú Salaga wà, níbi tí ọjà obì ńlá ti ń ná ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìlọrin àti àwọn ìlú Ọ̀yọ́ ti òkè kò jìnnà sí àwọn ọ̀nà tí ó lọ sí àríwá Dàhómì àti Tógò títí dé ibẹ̀.

Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá sọ ọ̀nà yìí di gbòòrò. Rélùwéè tí ó gbéra ní Sekondi dé Kùmásì ní 1903. Èyí tí ó wá láti Accra dé ibẹ̀ ní 1923. Wọ́n ṣí èbúté Takoradi ní 1928. Kòkó ń so, wọ́n ń wa wúrà, owó sì ń yí lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń wá ọjà wẹ́wẹ́ rà: abọ́ onítánńganran, ìlẹ̀kẹ̀, aṣọ, gèlè, ìṣáná, èèlò kẹ̀kẹ́. Àwọn ará wa gbé irú ọjà bẹ́ẹ̀ kárí abúlé. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìníṣà, Ṣakí àti Ìgbòho ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé kò sí òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkankan nínú àwọn ìlú wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sí ní àárín ibi tí kòkó ilẹ̀ Yorùbá ti pọ̀. Ẹni tí kò ní kòkó nílé lọ ta ọjà fún ẹni tí ó ní kòkó ní ìdálẹ̀.

Kò sí ìwé ìgbélùú tí a ń bèèrè lọ́wọ́ wọn. Abẹ́ àsíá kan náà ni Nàìjíríà àti Góòlù Kóòsì wà, ẹni tí ó bá sì rí owó ọkọ̀ lè lọ. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó wà níwájú ọmọ Ìgbòho tí ó fẹ́ lọ sí Tamale kò kan ìjọba rárá. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ta ni mo ní níbẹ̀? Bí ó bá ti ní ènìyàn, ọ̀nà ti là. Bí kò bá ní, ó lè dé ibẹ̀ kí ó má rí ibi sùn. Nígbà tí ìjọba Gánà ka iye ènìyàn wọn ní 1960, Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 100,000. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹnìkọ̀ọ̀kan ni ó pe ẹnìkọ̀ọ̀kan títí iye wọn fi tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ tí ó gbà wọ́n ṣiṣẹ́, kò sí ọ̀fíìsì tí ó kó wọn jọ.

Àdéhùn Tí A Kò Kọ Sílẹ̀

Kì í ṣe ìlú òkèèrè nìkan ni a ti mọ irú ètò yìí. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí a ń pè ní Òṣómàáló, máa ń mú ọmọ ìbátan wọn dání láti ru ẹrù àti láti kọ́ bí a ti ń sin gbèsè. Àwọn tí wọ́n lọ sí Góòlù Kóòsì gbé ètò tí wọ́n mọ̀ nílé lọ síbẹ̀ ni.

Ẹni tí ó pè ní láti san owó ọkọ̀. Yóò fún ẹni tí a pè ní ibùsùn, oúnjẹ àti aṣọ. Yóò fi ọ̀nà ọjà hàn án, yóò kọ́ ọ ní èdè tí a fi ń tajà, yóò sì mú un mọ àwọn àgbà ìlú rẹ̀ tí wọ́n wà níbẹ̀. Bí ó bá ṣàìsàn, òun ni yóò tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá hùwà búburú, orúkọ òun ni yóò bàjẹ́. Ní ìkẹyìn, nígbà tí ọmọ náà bá ti dàgbà tí ó sì ti sìn tó, yóò fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ní ti ẹni tí a pè, òun yóò kiri ọjà láti òwúrọ̀ di alẹ́, yóò gbé gbogbo owó tí ó pa wá sílé, yóò fọ aṣọ, yóò pọn omi, yóò sì dúró de ọjọ́ ìdásílẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn obìnrin gbà wọ inú ètò yìí yàtọ̀ díẹ̀. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ mú lọ sí ìdálẹ̀ kì í jókòó lásán. Òwò tirẹ̀ ni yóò ṣe. Nígbà tí ó bá bímọ, ó nílò ẹni tí yóò máa gbé ọmọ pọ̀n, tí yóò sì máa kiri ọjà. Ọ̀dọ̀ ẹbí tirẹ̀ ni yóò ránṣẹ́ sí, kí wọ́n fi àbúrò rẹ̀ tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ọkùnrin ti ń pe ọmọkùnrin láti ilé baba rẹ̀ ni obìnrin ń pe ọmọbìnrin láti ilé baba tirẹ̀. Báyìí ni agbo ilé méjì fi máa ń ta gbòǹgbò nínú yàrá kan ṣoṣo ní Kùmásì.

Kí ni ó ń mú àdéhùn yìí ṣẹ nígbà tí kò sí ìwé, tí kò sì sí adájọ́? Ìdáhùn mi ni pé ilé ni adájọ́. Ìyá ọmọ náà wà nílé. Bí ìròyìn bá dé pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ rẹ̀, yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí iwájú baálé. Ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ mọ̀ pé ilé ni òun yóò padà sí, pé ilé ni òun yóò kọ́lé sí, àti pé àwọn ará ilé yìí kan náà ni yóò sin òun. Ní ìdálẹ̀ pàápàá, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ilé ìjọsìn ń ṣojú fún ilé. Kò yani lẹ́nu pé àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú wọn, ni wọ́n gbin ìjọ Onítẹ̀bọmi sí Gánà. Inú irú ìpéjọ bẹ́ẹ̀ ni a ti ń parí ìjà, tí a ti ń sìnkú, tí a sì ti ń mọ ẹni tí ó ṣe é fi ọmọ lé lọ́wọ́.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lérò pé mò ń yin ayé àtijọ́ láìwo ẹ̀yìn rẹ̀. Adájọ́ tí ó wà nílé jìnnà, ìròyìn kì í sì í yára dé. Àwọn ọmọ kan wà tí wọn kò rí ilé ẹ̀kọ́ lọ nítorí àtẹ tí ó wà lórí wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n kan wà tí wọ́n ń sún ọjọ́ ìdásílẹ̀ síwájú lọ́dọọdún, títí ọmọ náà fi bínú lọ tàbí tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ nínú èrè ọjà láìsọ. Ti ọmọbìnrin tilẹ̀ burú jù, nítorí pé a lè fi í fọ́kọ kí a sì kà á sí pé ìgbéyàwó ni ìdásílẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó jẹ àbúrò rẹ̀ níyà mọ̀ pé ìyà ni òun fi jẹ ẹ́, gbogbo ìlú sì mọ̀. Òfin náà wà, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé.

Ọdún 1969

Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1957, ẹni tí ó jẹ́ ará ilé lábẹ́ àsíá kan náà di àjòjì ní ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ọ́n lára. Ìjọba Gánà ṣe òfin àwọn àjòjì ní 1963, ṣùgbọ́n ọjà kò tú, àwọn ọmọ ìbátan sì ń bọ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Àwọn tí a bí sí ibẹ̀ tilẹ̀ wà tí wọn kò mọ ọ̀nà Ìlọrin.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia kéde pé gbogbo àjòjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò ní ilẹ̀ Gánà. Ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ni ọ̀sẹ̀ méjì náà pé. Ẹni tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Kùmásì ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti ta ilé, láti ta ọjà, láti gba gbèsè, àti láti wá ọkọ̀. Ní 1970, òfin mìíràn tún tẹ̀lé e tí ó ya oríṣi òwò kan sọ́tọ̀ fún ọmọ Gánà nìkan.

Àkókò yìí ni a rí agbára ìgbọ̀wọ́ ẹbí, tí a sì rí ibi tí ó kù sí. Ìgbẹ́kẹ̀lé láìkọ sínú ìwé ni a fi ṣe òwò náà, nítorí náà àwìn tí ó wà níta kò ní ẹ̀rí. Oníbàárà tí ó jẹ owó ní láti dúró kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá ni, gbèsè sì parí. Ọmọ tí ó ti sìn fún ọdún mẹ́jọ, tí ọ̀gá rẹ̀ ń múra láti dá sílẹ̀, rí i pé ọ̀gá kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́. Ta ni yóò pè lẹ́jọ́? Àwọn méjèèjì jọ wọ ọkọ̀ ẹrù kan náà padà sílé ni.

Ilé tí wọ́n padà sí kò rọgbọ. Ogun abẹ́lé kò tíì parí ní Nàìjíríà. Ó di oṣù kìíní 1970 kí ó tó parí. Ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969 ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀ ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí wọ́n dé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ rí ibi sùn, nítorí pé agbo ilé tí ó fi wọ́n ránṣẹ́ ni ó tún ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Ẹni tí ó ti kọ́lé sílé nínú wọn gba àwọn tí kò kọ́lé. Àwọn tí a ti pè lánàá ni àwọn tí wọ́n wà nílé tún pè lẹ́ẹ̀kejì, sí oko, sí Èkó, sí Kánò. Ìwé ti lé wọn jáde, ẹbí sì gbà wọ́n wọlé láìbèèrè ìwé.

Òtítọ́ ìtàn kò gbà wá láyè kí a dúró níbẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1983, ìjọba Nàìjíríà lábẹ́ Ààrẹ Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjòjì tí kò ní ìwé kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àpò tí wọ́n fi kó ẹrù sì ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn ní ọjà wa títí di òní. Ẹni tí a lé lánàá náà ni ó lé ẹlòmíràn lónìí. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ jù ni pé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti fọwọ́ sí àdéhùn ECOWAS lórí lílọ bíbọ̀ láìsí ìdíwọ́ ní Dakar ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1979.

Nígbà Tí Àṣẹ Bọ́ Lọ́wọ́ Ẹbí

Bí ọ̀nà Gánà ti ń dí, ojú àwọn ènìyàn wa yí sí àwọn ilẹ̀ tí ó jìnnà jù. Mo yan Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà nítorí pé òfin àwọn méjèèjì fi hàn gbangba bí iṣẹ́ onígbọ̀wọ́ ṣe pín sí wẹ́wẹ́.

Títí di ọjọ́ 1 oṣù keje 1962, ọmọ Nàìjíríà lè wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilẹ̀ abẹ́ ọba kan náà. Òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ náà mú kí iṣẹ́ àti ìwé ìjọba wọ àárín ẹbí. Òfin 1971, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1973, tún fún okùn náà le sí i. Ní 2008, wọ́n gbé ètò kalẹ̀ nínú èyí tí agbanisíṣẹ́ ń gba ìwé àṣẹ láti jẹ́ onígbọ̀wọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti ará ilé wá di ti ilé iṣẹ́. Lábẹ́ òfin yìí, kò sí ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n lè gbà pe ọmọ àbúrò rẹ̀ wá ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí pé ó jẹ́ ọmọ àbúrò rẹ̀. Bí kò bá sí agbanisíṣẹ́ tí ó fọwọ́ sí i, ìbátan kò já mọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn olùtọ́jú arúgbó àti aláìlera ní oṣù kejì 2022, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà gba ibẹ̀ wọlé. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024, olùtọ́jú tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò lè mú aya, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tí ó fẹ́ wá tààrà láti òkèèrè. Láàárín oṣù keje 2022 àti ìparí 2024, ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ tí ó lé ní 470 nínú iṣẹ́ ìtọ́jú yìí. Òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 39,000 ni ó ní í ṣe pẹ̀lú wọn. Bí onígbọ̀wọ́ bá pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀, ọjọ́ 60 ni a sábà máa ń fún òṣìṣẹ́ náà láti wá onígbọ̀wọ́ mìíràn, tàbí kí ó máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé, láàárín ọjọ́ 60 náà, ilé ta ni òṣìṣẹ́ yìí ń sùn? Ta ni ó ń bọ́ ọ? Ilẹ̀ ta ni a tà nílé láti fi san owó físà àti owó alágbàtà? Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí ó ti ṣáájú dé Peckham ni ó ń fún un ní yàrá. Orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá yìí kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tí ìwé pè ní onígbọ̀wọ́ ti lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè gbà gbèsè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ìwé kò mọ̀ ni ó ń gbé ẹrù náà.

Òfin Amẹ́ríkà yàtọ̀. Òfin ọdún 1965 fi ẹbí ṣe ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí bí àwọn ti mọ̀ ọ́n ni. Ọmọ orílẹ̀-èdè náà tí ó ti pé ọdún 21 lè kọ̀wé pe ọmọ ìyá tàbí ọmọ baba rẹ̀. Kò lè pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ara rẹ̀, kò lè pe àbúrò baba rẹ̀, kò lè pe ẹni tí ó dàgbà nínú agbo ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Òfin náà mọ ìyekan àti ọbàkan. Ó gbàgbé pé nínú èdè wa, gbogbo àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni a ń pè wọ́n. Ìwé tí ó wà fún ọmọ ìyá àti ọmọ baba pàápàá, 65,000 ni gbogbo ayé ń pín lọ́dún, ìdúró rẹ̀ sì lé ní ọdún mẹ́wàá.

Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1996, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní òpin 1997, fi kún un pé ẹni tí ó pe ìbátan rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ ìwé pé òun yóò gbọ́ bùkátà rẹ̀, kí owó tí ń wọlé fún un sì tó ìdá 125 nínú 100 iye tí ìjọba kà sí ààlà òṣì. Kò bọ́ nínú ẹrù yìí títí ẹni tí ó pè yóò fi di ọmọ orílẹ̀-èdè, tàbí tí yóò fi ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, tàbí tí yóò fi kúrò nílùú pátápátá, tàbí tí ikú yóò fi dé. Bí owó rẹ̀ kò bá tó, ẹlòmíràn lè tọwọ́ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹlòmíràn yìí lè jẹ́ àbúrò baba. Àbúrò baba tí kò ní àṣẹ láti pe ọmọ náà ni òfin gbà láyè kí ó jẹ gbèsè rẹ̀. N kò mọ àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere ju èyí lọ.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan ni ètò àtijọ́ ṣì ń mí. Láti Èjìgbò, ọkọ̀ ń lọ sí Abidjan, ọkọ̀ ń bọ̀. Ẹni tí ó bá dé Èjìgbò yóò gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àwọn tí a pè, tí wọ́n sì padà wálé. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 2002 kò fa okùn náà já.

Àgbálọgbábọ̀

Kí ni a rí kọ́ nínú gbogbo èyí? Èkíní, ẹbí kò fi ìgbà kan gbọ̀wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àdéhùn ni, ó sì ní ojúṣe ní apá méjèèjì. Àwọn tí ó ń sọ lónìí pé ìfẹ́ nìkan ni àwọn àgbà fi ń pe ọmọ ìbátan wọn kò ka ìtàn náà tán, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ń sọ pé ìmúnisìn lásán ni kò ti kà á tán.

Èkejì, ètò náà ṣe é fara dà nítorí pé ó ní òpin. Ọmọ tí ó ń kiri abọ́ ní Tamale mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀. Ẹni tí ẹbí ta ilẹ̀ rán lọ sí òkèèrè lónìí kò mọ ọjọ́ tí gbèsè rẹ̀ yóò parí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ iye rẹ̀ fún un. Ó ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, wọ́n sì ń bèèrè sí i. Èlé ni ó ń san, ojú owó kò dín kù. Ìwọ̀fà tí a rò pé a ti sin ni ó tún jí dìde, aṣọ tuntun ni a kàn wọ̀ fún un. Inú òun náà kò dùn, inú àwọn tí wọ́n ta ilẹ̀ kò sì dùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Wọn kò jókòó sọ ọ́ ni.

Ìmọ̀ràn mi kò le. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè kò sí lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n àdéhùn inú ilé wà lọ́wọ́ wa. Kí a tó ta ilẹ̀, kí a pe ẹni tí ó ń lọ, ẹni tí yóò gbà á sílé lọ́hùn-ún, àti àwọn tí owó jáde lápò wọn. Kí a sọ iye tí a ná, ohun tí a retí, àti ọjọ́ tí a ó súre fún un pé, 'A dá ọ sílẹ̀.' Kí a ṣe é níṣojú ẹlẹ́rìí, bí àwọn tí wọ́n ń yá owó láyé àtijọ́ ti ń ṣe. Kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ọdún 1969 ti kọ́ wa ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ohun tí a kò kọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí lé lọ́wọ́. Ọmọ tí ó jẹ́ ọdún 15 nígbà tí wọ́n lé wa ní Gánà ti lé ní 70 lónìí. Ó wà ní Ọ̀fà, ó wà ní Ṣakí, ó wà ní Ìníṣà. Ó mọ ẹni tí ó pè é, iye ọdún tí ó sìn, àti ohun tí ó yẹ kí ó gbà tí kò rí gbà. Lẹ́tà tí akọ̀wé bá ìyá rẹ̀ kọ sí i lè ṣì wà nínú àpótí. Ẹ lọ bá a kí ó tó pẹ́ jù. Ẹ bèèrè orúkọ ẹni tí ó gbọ̀wọ́ fún un, kí ẹ sì kọ orúkọ náà sílẹ̀, nítorí pé kò sí ìjọba kankan tí ó kọ ọ́.